Kóńgò Iṣẹ́: Wákàtí Mélòó Ni Ó Yẹ Kí Mẹkáníìkì Fi Tún Jẹnẹrétọ̀ Wa Ṣe?

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin ní etí àwọn mìíràn nínú yín. Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ni, àti ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ tí à ń san fún mẹkáníìkì tí ń bá wa tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni ẹja inú fíríísà tí ó ń bàjẹ́ nígbà tí iná bá lọ? Ta ni ń gbé korobá káàkiri nígbà tí ẹ̀rọ kò bá lè fa omi láti inú kànga? Ta ni ń yọ nínú owó ọbẹ̀ láti fi san owó mẹkáníìkì? Ọ̀rọ̀ ilé ni, ojú ìwé yìí sì ni ó yẹ ẹ́.

Aládùúgbò mi kan wà, opó tí ó ń fi ẹja yìnyín títà tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ní ọjọ́ Ajé kan, ó gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lọ fún mẹkáníìkì, nítorí pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó sì ń kú. Wọ́n ní kí ó fọkàn balẹ̀, àwọn yóò pè é. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ, Ọjọ́rú lọ, Ọjọ́bọ̀ náà lọ. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Ẹtì, ẹja páálí méjì ti di ohun tí a wa ihò sin. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n tó pè é pé kí ó wá gbé ẹ̀rọ rẹ̀, owó tí wọ́n sì bù fún un jẹ́ owó iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún. Mẹkáníìkì náà ní, "Ìyá, láti ọjọ́ Ajé ni mo ti wà lórí rẹ̀." Obìnrin náà san owó, ó sì dákẹ́, nítorí kò mọ ohun tí ó lè fi dá a lóhùn. Kí ni wọ́n ṣe sí ẹ̀rọ náà? Wọ́n fọ kabúrétọ̀, wọ́n sì pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Iṣẹ́ tí kò tó wákàtí kan ni.

Èmi tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ètò ilé àti ìṣúná owó, èmi náà kò sàn jù ú lọ. Láàrin oṣù díẹ̀, iṣẹ́ kan náà lórí jẹnẹrétọ̀ kan náà gba owó mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ ilé wa. Nígbà tí mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ pẹ̀lú bàtà gíga, owó gun òkè. Nígbà tí mo wọ ìró àti bùbá àtijọ́, ó wálẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi lọ, ó dúró ní agbede méjì. Mo wá bi ara mi pé, ṣé ẹ̀rọ ni wọ́n ń tún ṣe ni àbí ojú oníbàárà ni wọ́n ń kà?

Èyí ni ó mú mi gbé aago àti ìwé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, tí mo lọ jókòó sí ìsọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì kan níhìn-ín ní Ìbàdàn, baba tí ó ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ níṣẹ́, tí wọ́n sì ti ṣe fíríídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sọ ohun tí mo bá wá. Mo rò pé yóò bínú. Kò bínú rárá. Ó ní, "Màdáàmù, ẹ jókòó. Ẹ̀yin mọ ohun tí ó ń dùn yín, ẹ kò mọ ohun tí ó ń dun àwa. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi wá àìsàn ẹ̀rọ kan lọ́jọ́ kan. Wáyà kan ni eku gé jẹ. Nígbà tí mo rí i, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi so ó. Oníbàárà ní ṣé nítorí wáyà kan ṣoṣo ni mo ṣe ń bèèrè irú owó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó fún mi kò tó ra búrẹ́dì fún àwọn ọmọṣẹ́ mi. Bí ẹni tí ojú rẹ̀ dán bá wá dé lẹ́yìn rẹ̀, kí ni ẹ rò pé n ó ṣe? N ó fi tirẹ̀ dí ihò tí ti ìṣáájú gbẹ́ ni."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ baba yìí wọ̀ mí lára. Mo rí i pé ìyà kan náà ni ó ń jẹ oníbàárà àti oníṣẹ́. Opó san owó iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe. Ọ̀gá mẹkáníìkì ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀. Kì í ṣe pé gbogbo mẹkáníìkì ni olè, kì í sì í ṣe pé gbogbo oníbàárà ni ahun. Ohun tí kò sí láàrin wọn ni òṣùwọ̀n.

Ẹ wo ọ̀nà tí a ń gbà ra gàrí. Owó gàrí lè gbówó lórí lónìí, kí ó sì wálẹ̀ lọ́la, ṣùgbọ́n kóńgò ni kóńgò. Nítorí pé kóńgò wà, a mọ ohun tí a ń ná. Bí ìyá alágàrí bá fi òkúta lu ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú, a ó mọ̀, a ó sì kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Owó iṣẹ́ ọwọ́, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní wọ́kímánṣíìpù, kò ní kóńgò ní tirẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń ná an bí ẹni tí ń ná ẹrù inú òkùnkùn. Ohun tí mo fẹ́ kí a fi ṣe kóńgò iṣẹ́ ni àkókò.

Kì í ṣe ohun àjèjì ni mo ń sọ. Nígbà tí àwọn baba wa bá gba alágbàṣe sí oko, ebè tí ó kọ ni wọ́n ń kà kí wọ́n tó sanwó fún un. Wọn kì í wo aṣọ tí olóko wọ̀ kí wọ́n tó mọ iye ebè. Ebè ni kóńgò iṣẹ́ oko. Ohun tí ó kù ni kí a wá ebè fún iṣẹ́ sípánà.

Àwọn aláwọ̀ funfun náà ti wá a kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1881, Frederick Winslow Taylor bẹ̀rẹ̀ sí í fi aago wọn iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin Midvale ní ìlú Philadelphia. Ṣùgbọ́n aago náà kò dùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ nínú, nítorí pé lójú wọn, pàṣán ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1911, àwọn tí ń da irin ní ilé iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba ní Watertown, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin, nígbà tí ó sì di ọdún 1915, wọ́n ṣe é ní òfin pé a kò gbọdọ̀ fi irú aago bẹ́ẹ̀ ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ohun ìjà mọ́.

Obìnrin kan wà lára àwọn tí wọ́n fi ojú mìíràn wo ọ̀rọ̀ náà. Lillian Gilbreth ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní ọdún 1878, ó sì kú ní ọdún 1972. Ọkọ rẹ̀, Frank, ti wo bí àwọn bíríkìlà ṣe ń to bíríkì, ó sì rí i pé ìgbà 18 ni wọ́n ń mi ara lórí ẹyọ bíríkì kan. Ó tún ètò iṣẹ́ náà ṣe títí ó fi kù sí nǹkan bí 5. Ohun tí tọkọtaya yìí ń wá ni pé kí àárẹ̀ dín kù lára òṣìṣẹ́. Wọ́n tilẹ̀ kọ ìwé kan lórí àárẹ̀ ní ọdún 1916. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú lójijì ní ọdún 1924, ó ku òun pẹ̀lú àwọn ọmọ 11. Ó gbé ẹ̀kọ́ náà wọ ilé ìdáná, ó ń ka ìṣísẹ̀ ìyàwó ilé láti ìdí ààrò dé ìdí omi. Àwa tí a kọ́ ẹ̀kọ́ ètò ilé jẹ nínú ogún rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé aago lè jẹ́ pàṣán, ó sì lè jẹ́ kóńgò. Ọwọ́ tí ó mú un ni ó ń fi ìyàtọ̀ hàn.

Báwo ni a ó ṣe wá wọn iṣẹ́ mẹkáníìkì? Ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀nà móínmóín lọ, nítorí pé gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n. Bí ẹnìkan bá bi yín pé báwo ni móínmóín ṣe ń pẹ́ tó, ẹ kò lè fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan dá a lóhùn. Bíbó ẹ̀wà, lílọ̀ ọ́ àti dída á sínú ewé, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Sísè rẹ̀, iná ni ó ń ṣe é. Ẹ lè máa gbálẹ̀ nígbà náà. Lílọ sí ọjà láti ra ewé, ìrìn ni.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àtúnṣe ẹ̀rọ. Ọ̀nà mẹ́rin ni àkókò rẹ̀ pín sí. Èkíní ni àkókò ìwádìí, nígbà tí mẹkáníìkì ń wá ibi tí àìsàn wà. Èkejì ni àkókò ọwọ́, nígbà tí sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àkókò ìdúró. Bí àpẹẹrẹ, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tutù kí a tó wọn àlàfo fáàfù rẹ̀. Bí wọ́n bá sì tún wáyà kọ́ìlì wé, fániṣì tí wọ́n fi kùn ún gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ̀kẹrin ni àkókò ìwákiri páàtì ní ọjà. Nígbà tí mẹkáníìkì sọ fún aládùúgbò mi pé òun wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, àkókò ọwọ́ kò tó wákàtí kan. Ìyókù jẹ́ ìdúró ẹ̀rọ ní ìdí ògiri. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ti mọ ìbéèrè tí yóò bi mẹkáníìkì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní a fẹ́ mọ àkókò òṣùwọ̀n fún fífọ kabúrétọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré kan. A ó wo iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ká ní ó gba ìṣẹ́jú 30 nígbà àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 34 nígbà kejì, àti ìṣẹ́jú 32 nígbà kẹta. Bí a bá rò wọ́n pọ̀ tí a sì pín in sí mẹ́ta, ìṣẹ́jú 32 ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ṣe é? Bí ó bá jẹ́ ọ̀gá tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ìdá mẹ́wàá, a ó fi ìdá mẹ́wàá kún un, kí a má baà fi ọwọ́ ẹni tí ó yá jù lọ fìyà jẹ àwọn yòókù. Yóò di ìṣẹ́jú 35. Lẹ́yìn náà, ènìyàn kì í ṣe ẹ̀rọ. Yóò mu omi, yóò nu òógùn, yóò dá ọmọṣẹ́ lóhùn. A ó fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 kún un fún ìsinmi àti ìdíwọ́ kéékèèké. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 40. Kóńgò iṣẹ́ náà nìyẹn.

Owó ni ó kàn. Bí ọ̀gá náà bá sọ pé wákàtí kan òun jẹ́ ₦3,000, ìṣẹ́jú 40 jẹ́ ₦2,000. Bí nǹkan bá wọ́n sí i, yóò sọ pé wákàtí òun ti di ₦4,500, iṣẹ́ náà yóò sì di ₦3,000. Ẹ kíyè sí i pé owó yí padà, ìṣẹ́jú kò yí padà. Gbogbo wa ni a mọ bí owó ohun gbogbo ṣe fò sókè lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ìwé iye owó tí ẹnikẹ́ni kọ kí ó tó di ìgbà náà ti di ìwé ìdi-ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n ìwé iye àkókò yóò wúlò títí di òní, nítorí pé nọ́ọ̀tì kò mọ̀ pé epo ti wọ́n.

Mo fẹ́ kí a ṣọ́ra fún ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí a má ṣe ya ìwé òkèèrè lò bí ó ti rí. Ní Amẹ́ríkà, ìwé wà tí ó kọ iye wákàtí fún iṣẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ni wọ́n sì ń fi í sanwó fún, ìbáà tètè parí, ìbáà pẹ́. Oníbàárà mọ owó rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tiwa kì í sábà rí bí ẹ̀rọ inú ìwé. Tòkunbọ̀ ni òmíràn. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti dógùn-ún, ọwọ́ mẹ́ta sì ti tú u kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tún un ṣe. A gbọ́dọ̀ fi aago tiwa wọn iṣẹ́ tiwa, kí a sì ya ẹ̀rọ tí ó ti dógùn-ún sọ́tọ̀. Kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour", tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, kò lè ní àkókò kan náà pẹ̀lú èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ wà nínú ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀.

Èkejì, kí a má ṣe fi aago lé mẹkáníìkì ní eré. Ẹni tí ń sáré kì í nu ìdí nọ́ọ̀tì, kì í sì í dán ẹ̀rọ wò kí ó tó gbé e fún oníbàárà. Dídán ẹ̀rọ wò gbọ́dọ̀ wà nínú àkókò tí a wọ̀n, ní ìta gbangba, nítorí pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ń pa ènìyàn.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe fi owó ìwádìí du oníṣẹ́. Ìmọ̀ ni ó fi rí wáyà tí eku gé jẹ, kì í ṣe sípánà. Àkókò òṣùwọ̀n kò lè sí fún ohun tí a kò tíì mọ̀. Àdéhùn ni ó lè wà. Ẹ sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ fi wákàtí kan wò ó, n ó san owó wákàtí náà. Bí ẹ kò bá tíì rí i, ẹ pè mí kí a jọ sọ ọ́." Ọ̀rọ̀ yìí kò le, ó sì ń gba ìjà.

Nínú ilé wa nísinsìnyí, ìwé kékeré kan wà lórí kọ̀ǹkọ̀ nítòsí jẹnẹrétọ̀. A ń kọ ọjọ́ àti wákàtí tí a fi tàn án sínú rẹ̀. Bí ìwé ìtọ́ni ẹ̀rọ bá ní kí a pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn wákàtí 100, ẹni tí ń tan tirẹ̀ fún wákàtí 6 lójúmọ́ yóò pé e ní ọjọ́ 17, kì í ṣe ní oṣù mẹ́fà. Ní ojú ewé kejì, a ń kọ àtúnṣe kọ̀ọ̀kan: ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe, ohun tí wọ́n bá nínú rẹ̀, ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí wọ́n parí, owó páàtì lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n da owó páàtì àti owó iṣẹ́ pọ̀ mọ́ ara wọn, nítorí pé inú àdàpọ̀ yẹn ni ìrẹ́jẹ ń sá pamọ́ sí. Ẹ sì bèèrè kí ẹ tó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ pé, "Wákàtí mélòó ni ọwọ́ yín yóò fi wà lórí rẹ̀? Ìgbà wo ni yóò kàn án?" Ìbéèrè kejì yìí ni ó lè gba ẹja opó là.

Ṣùgbọ́n ìwé ilé kan ṣoṣo kò tó. Ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni ó yẹ kí ó jókòó, kí wọ́n mú iṣẹ́ mẹ́wàá tí ó wọ́pọ̀ jù, kí wọ́n fi aago ara wọn wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìsọ̀. Kí iye owó wákàtí wà lọ́wọ́ ọ̀gá kọ̀ọ̀kan. Kí iye àkókò jẹ́ ti gbogbo wọn. Ọmọṣẹ́ tí ń kọ́ṣẹ́ yóò mọ ibi tí ọwọ́ òun dé, oníbàárà yóò sì mọ ohun tí òun ń san owó fún.

Mo ka ìwé tí mo kọ ní ìsọ̀ fún ọ̀gá mẹkáníìkì náà kí n tó kúrò níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èyí tí ẹ kọ fún púlọ́ọ̀gì ti pọ̀ jù, èyí tí ẹ kọ fún fáàfù kò tó." A jọ tún un ṣe. Aládùúgbò mi sì ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ báyìí. Ní ìgbà ìkẹyìn, ó dúró dè é ni, ó jókòó lórí àpótí, ó sì gbé ẹ̀rọ náà padà sílé kí oòrùn tó wọ̀. Ó sọ fún mi pé owó tí òun san kò kéré, ṣùgbọ́n òun mọ ohun tí òun san án fún.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. A kò lè tún ẹ̀rọ ara wa ṣe, àwọn náà kò sì lè jẹun láìsí wa. Kí a bu iṣẹ́ fún ara wa pẹ̀lú kóńgò tí ìdí rẹ̀ kò wọnú. Ó di oṣù tí ń bọ̀.